Ìgbà Wo Ni Àlejò Ń Di Ará Ilé?



Mátíù Mímọ́ kọ ọ́ nínú orí kejì ìwé rẹ̀ pé lóru ni áńgẹ́lì tọ Jósẹ́fù wá, lóru kan náà ni ó sì dìde, tí ó gbé Ọmọ náà àti ìyá Rẹ̀, tí ó forí lé Íjíbítì, nítorí tí Hẹ́rọ́dù ń wá ẹ̀mí Ọmọ náà. Láti ìgbà tí a ti ń kọ́ katikísìmù ni a ti mọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí Ìwé Mímọ́ kò sọ. Kò sọ orúkọ ẹni tí ó fún wọn ní iyàrá. Kò sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ igi fún Jósẹ́fù, àjèjì tí kò ní ìbátan nílùú, tí kò sì sí ẹni tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Síbẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ṣe é, nítorí pé oúnjẹ ni ènìyàn ń jẹ, abẹ́ òrùlé ni a sì ń sùn, ní Íjíbítì gẹ́gẹ́ bí níbí. Títí di òní ni àwọn Kristẹni Íjíbítì tí à ń pè ní Kọ́ptì ń fi àwọn ibi tí wọ́n gbàgbọ́ pé Ẹbí Mímọ́ wọ̀ sí han ènìyàn. Ìlú tí ó bá ti gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí kò lè tètè gbàgbé.

Nígbà tí Póòpù Píọ́sì Kejìlá kọ ìwé rẹ̀ nípa àwọn tí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ ní tipátipá, ní ọjọ́ kìíní oṣù Ògọ́sì, 1952, lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì ti tú àìmọye ènìyàn ká, Ẹbí Mímọ́ yìí ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe fún gbogbo wọn. Ní èdè tiwa, ogunléndé ni à ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀: ẹni tí ogun lé dé ọ̀dọ̀ wa ni.

Àwa tí a ń gbé ní Kémta kò ṣàìmọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, tàbí kò yẹ kí a ṣàìmọ̀ ọ́n. Abẹ́ Olúmọ kọ́ ni a ti bí Kémta. Nínú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́ ni Kémta ti wà, kí Abẹ́òkúta tó wà rárá, orúkọ náà sì jẹ́ ẹrù tí àwọn tí ń sá fún ogun gbé dé ibí yìí. Láàárín ọdún 1820 sí 1830, lẹ́yìn tí a ti fọ́ Òwu, ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò ní ìlú tiwọn, dojú kọ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fò ó kọjá: ogunléndé wà lára àwọn tí wọ́n sọ Ẹ̀gbá di ogunléndé. Ìyà kì í fi dandan sọ ènìyàn di aláàánú.

Àwọn tí a kò pa, tí a kò sì tà, kó ara wọn jọ sí Ìbàdàn, níbi tí ojú ti pọ́n wọn gidigidi lábẹ́ àwọn tí wọ́n lágbára jù wọ́n lọ. Ní 1830 ni wọ́n gbéra. Lámọ́dì, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, kú lójú ọ̀nà. Ṣódẹkẹ́, ọmọ Ìtòkò, ni ó kó wọn dé ìdí àpáta náà.

Ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n dé ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Wọn kò da gbogbo ènìyàn pọ̀ kí wọ́n sì pè wọ́n ní orúkọ tuntun. Ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí ibi tirẹ̀, ó sì pa orúkọ rẹ̀ mọ́: Aké jẹ́ Aké, Ìtòkò jẹ́ Ìtòkò, Kémta jẹ́ Kémta. Olúkúlùkù ní Ògbóni tirẹ̀, ó ní Ológun àti Pàràkòyí tirẹ̀. Ní nǹkan bí 1834, nígbà tí àwọn Òwu tí ìlú tiwọn ti kọ́kọ́ parun dé, a fún àwọn náà ní ilẹ̀, wọ́n sì wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí Òwu, pẹ̀lú ọba tiwọn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Abẹ́òkúta fi wà kí a tó fi Okùkẹnù jẹ Aláké ní 1854. Àwọn kan ti sọ pé ètò yìí mú kí ìpinnu ìlú máa falẹ̀, kí ẹjọ́ sì pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti pàdánù ilé, oko, àti bóyá ọmọ, kí ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò ṣe orúkọ ibi tí ó ti wá? Bí a bá gba èyíinì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó fún un ní ilẹ̀, kì í ṣe pé a gbà á sílé. A wulẹ̀ parí ohun tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Sàró dé. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn tí a ti tà sóko ẹrú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí ó sì kó lọ sí Freetown, bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Wọ́n ń wọ aṣọ òyìnbó, wọ́n ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, òmíràn nínú wọn kò mọ ẹni tí yóò béèrè mọ́. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńglíkà lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí wọ́n wá sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ní oṣù Ògọ́sì ọdún náà ni òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ti mú un lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yin ìlú wa ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn kan náà tí wọ́n sá fún oko ẹrú ra ẹrú, wọ́n sì lò wọ́n. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1867, nígbà tí ìjà òṣèlú wà láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, àwọn ará ìlú kọlu ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere àti ti àwọn onígbàgbọ́. Ìfọ́lé ni à ń pè é. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend ti ń tẹ̀ láti 1859 parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá sá lọ sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, níbi tí a ti ń pe ibùdó wọn ní Àgọ́ Ẹ̀gbá. Kò tó ogójì ọdún lẹ́yìn Ṣódẹkẹ́ tí ìlú ogunléndé náà fi lé àwọn ọmọ tirẹ̀ jáde.

Àti Ìjọ tiwa ńkọ́? Àgùdà ni Yorùbá ń pè wá. Orúkọ náà kò ti Róòmù wá. Orúkọ àwọn tí wọ́n padà dé láti oko ẹrú ní Bùràsíìlì àti Kúbà ni, tí wọ́n gbé ilẹ́kẹ̀ rosárì àti àdúrà wọn dé Èkó kí àlùfáà kankan tó máa gbé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ẹrú àná tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Páàdì Antonio bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba oyè àlùfáà, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ní 1868 ni àwọn Fadá Ẹgbẹ́ Ìránṣẹ́ sí Áfíríkà, tí à ń pè ní S.M.A., fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Ní 1880 ni wọ́n dé Abẹ́òkúta, ọdún mẹ́tàlá péré lẹ́yìn Ìfọ́lé, ìlú sì gbà wọ́n. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá wí pé Àgùdà ni wá, orúkọ àwọn tí a fi ipá mú kúrò nílé ni a ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìgbà tiwa. Nígbà tí ogun bẹ́ ní Làìbéríà ní oṣù Ọ̀pẹ 1989, tí ó sì ràn dé Sàró ní 1991, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wá sí Nàìjíríà. Ní Orù-Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí, ni a dá àgọ́ sílẹ̀ fún wọn ní 1990. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò rí i pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ènìyàn ń ti Freetown wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. A bí ọmọ sí àgọ́ náà, àwọn ọmọ náà sì dàgbà. Ní oṣù Òkúdù 2007, Nàìjíríà, Làìbéríà, Sàró, ẹgbẹ́ ECOWAS àti àjọ UNHCR fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn tí kò fẹ́ padà lè dúró: ìlú wọn yóò fún wọn ní ìwé ìrìnnà ECOWAS, Nàìjíríà yóò sì fún wọn ní ìwé ìgbélùú. Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè bá ènìyàn wá iyàrá. Onílé ni yóò béèrè pé ta ni ó mọ̀ ọ́n. Ìyá ìyàwó ni yóò béèrè pé ọmọ ta ni. Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwa tí à ń fi tiwa ríran ni ó yẹ kí ó máa tọ́ ọ sọ́nà.

Nígbà wo gan-an ni a óò wá dẹ́kun láti máa pè é ní àlejò? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò fèsì pé láéláé. A mọ àwọn ìdílé tí wọ́n ti lo ìran mẹ́ta láàárín wa, tí a sì ń tọ́ka sí bí ẹni tí ó dé lánàá. Òfin Ìjọ kò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé òfin tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fọwọ́ sí ní 1983, òfin 102 sọ pé ẹni tí ó bá wọ inú àgbègbè ìjọ kan pẹ̀lú èrò láti lo oṣù mẹ́ta ó kéré tán, tàbí tí ó ti lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, ti ní ibùgbé níbẹ̀. Bí ó bá sì lo ọdún márùn-ún, tàbí bí ó bá pinnu láti ibẹ̀rẹ̀ láti dúró títí, ibẹ̀ di ilé rẹ̀ pátápátá. Òfin 107 fi kún un pé àlùfáà ibẹ̀ ni àlùfáà rẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní ibùgbé kankan láyé, àlùfáà ibi tí ó wà lónìí ni tirẹ̀. Oṣù mẹ́ta! Ẹ fi wé ìran mẹ́ta tiwa.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí ó jẹ́ ti ìjọ ní ẹ̀tọ́ pé kí a kọ́ ọmọ rẹ̀ ní katikísìmù, kí a gbé Ara Olúwa tọ̀ ọ́ lọ nígbà àìsàn, kí a sì sin ín bí ó ti yẹ nígbà tí ó bá kú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń béèrè ibi tí àwọn ẹbí rẹ̀ wà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ obìnrin wa ronú lórí èyí tí ó kẹ́yìn yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń já ogunléndé kulẹ̀ jù.

Ohun kan wà tí ń dẹ́rù ba àwọn kan tí ó fi jẹ́ pé wọn kì í wá sọ́dọ̀ Fadá rárá: ìwé ìrìbọmi wọn ti jóná, tàbí ilé ìjọsìn tí a ti ṣe ìrìbọmi fún wọn kò sí mọ́. Kí wọ́n má fòyà. Òfin 876 sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí kò bá pa ẹlòmíràn lára, ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ṣeé gbára lé tó. Bí ó bá sì jẹ́ pé àgbàlagbà ni ẹni náà nígbà ìrìbọmi, ìbúra òun fúnra rẹ̀ tó. Àwọn tí ó fẹ́ gbéyàwó tí wọn kò sì ní ibùgbé kan pàtó nílò ìyọ̀ǹda Bíṣọ́ọ̀bù, gẹ́gẹ́ bí òfin 1071 ti wí. Fadá ni yóò kọ̀wé béèrè rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n tètè wá. Ẹni tí ó bá ní ẹlẹ́rìí, kí ó mú un dání wá. Ẹni tí kò bá ní, kí ó dá wá. Fadá yóò bá a ṣèwádìí, bí iyèméjì bá sì kù síbẹ̀, Ìjọ ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìrìbọmi fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.