Asẹ́ Alápò Nínú Ike: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Gbé E Kalẹ̀

Láti Ìkẹjà dé Ọ̀gbà àti Agége, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ, ọ̀dà, oògùn àti ohun mímu pọ̀. Gbogbo wọn ló ní ohun olómi tí wọ́n gbọ́dọ̀ sẹ́. Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi àpò aláṣọ sínú ike gígùn tó ní ìdérí. Ike yìí ni a ó máa pè ní ilé àpò. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí a dáhùn kí a tó rà á.

Èkíní: kí ni yóò gba inú rẹ̀ kọjá? Ásíìdì haidrokilóríìkì a máa jẹ irin stainless, ṣùgbọ́n PVC àti polypropylene ń fara dà á. Fún bíléèṣì, PVC ló dára jù nínú ike méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ lo èyíkéyìí nínú wọn fún tínà, nítorí pé toluene àti xylene a máa mú kí ike wú, kí ó sì rọ̀. Irin ni kí ó lò. Ẹ má gbàgbé àpò àti róbà ìdérí: kọ́stíìkì gbígbóná a máa jẹ àpò polyester, bẹ́ẹ̀ ni epo pẹtiróòlù a máa mú kí róbà EPDM wú.

Èkejì: báwo ni yóò ṣe gbóná tó? Iye prẹ́ṣọ̀ tí wọ́n kọ sára ilé àpò, ti omi tútù bíi 20°C ni. Bí ooru ṣe ń pọ̀ ni agbára ike ń dínkù. A kì í lo PVC kọjá 60°C rárá. Ẹ wo tábìlì inú ìwé ẹ̀rọ náà, kì í ṣe ara ike nìkan.

Ẹ̀kẹta: prẹ́ṣọ̀ mélòó? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpò nọ́ńbà 2 fẹ̀ tó ínṣì 7, ó sì gùn tó ínṣì 32. Bí ìdérí ilé rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 18, tí prẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ báà 4, agbára tó ń ti ìdérí náà sókè ju ìwúwo kílò 1,000 lọ. Ìwúwo mọ́tò kékeré kan nìyẹn.

Nígbà tí a bá ń gbé e kalẹ̀, a ní láti fi irin gbé páìpù ró, kí ìwúwo rẹ̀ má bàa wà lọ́rùn ike. Inú ibòji ni kí ó wà, torí oòrùn a máa sọ polypropylene di ohun tó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Fáàfù kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn; gééjì náà bẹ́ẹ̀. Bí ìyàtọ̀ gééjì méjèèjì bá sún mọ́ báà 1, àpò ti kún nìyẹn. Omi ni kí a fi dán an wò, kì í ṣe afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀: bí ike bá bẹ́ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ẹ̀fọ́ rẹ̀ a fò bí ọta ìbọn.

Kí a tó ṣí ìdérí, ká pa pọ́ǹpù, ká ti fáàfù méjèèjì, ká tú prẹ́ṣọ̀ jáde, ká sì dúró títí gééjì yóò fi padà sí òdo. Ẹni tó bá ṣe kánjú níbẹ̀, kílò 1,000 yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún.