Ọwọ́ Tí Ń Kú Lóru àti Ọwọ́ Tí Ìgò Gé

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo mú wá lónìí.

Ìyá aránṣọ kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Ó ní bí òun bá sùn, ní nǹkan bí aago 2 òru, ọwọ́ ọ̀tún òun a kú, a sì máa ta òun bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Bí òun bá dìde tí òun gbọn ọwọ́ náà, a tún fúyẹ́. Ó ti fi òróró pa á títí. Àwọn kan ní òtútù ni, àwọn kan ní làkúrègbé ni, àwọn mìíràn ní ayé ni. Nígbà tí mo bi í pé ìka wo ni ó ń kú, ó na àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín sí mi. Ọmọńdinrín kò sí níbẹ̀. Ìdáhùn yìí ni ó jẹ́ kí n fura sí ibi tí ó ti ń ṣe é.

Yàtọ̀ sí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, a ní iṣan ìmọ̀lára. Ó dà bí wáyà tẹlifóònù: òun ni ó ń sọ fún ọpọlọ pé omi gbóná, òun náà ni ó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá fún ìka. Ní ọrùn ọwọ́, ọ̀kan nínú wọn ń gba ọ̀nà tóóró kan kọjá. Egungun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, awọ líle kan bò ó lókè, okùn iṣan 9 tí ń ká ìka sì ń bá a du àyè. Bí ibẹ̀ bá wú, iṣan ìmọ̀lára ni yóò fún mọ́ inú rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin, pàápàá aboyún, lára ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, àti ẹni tí ń fi agbára di nǹkan mú láti àárọ̀ dalẹ́.

Ti aboyún sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Fún àwọn yòókù, a ó kọ́kọ́ fi igi pẹlẹbẹ di ọrùn ọwọ́ lóru kí ó má baà ká. Dókítà sì lè gún abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Bí kò bá gbọ́, tàbí bí ẹran ìdí àtàǹpàkò bá ń joro, ó di iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi abẹ́rẹ́ pa, aláìsàn kò ní sùn lọ. Dókítà a gé awọ líle yẹn kí iṣan lè rí àyè, aláìsàn a sì máa padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Oṣù 8 ni ìyá aránṣọ yìí fi kọ̀. Ó ti ń sùn dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n ẹran ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ kò kún mọ́, bọ́tìnnì a sì máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣan tí a gé kò gba irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgò tàbí páànù a gé ènìyàn lọ́rùn ọwọ́, wọn a sáré rán awọ ara pọ̀, ojú egbò a jiná, síbẹ̀ ìka kò ní mọ nǹkan kan. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò tí ẹ̀jẹ̀ sì dá, kí ẹnikẹ́ni tó gún abẹ́rẹ́ tí ń pa ara, ẹ ní kí ẹni náà dijú, kí ẹ fi òwú kan orí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wà tí kò mọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ìka náà fún dókítà.

Òwú tí ó tínrín ju irun orí lọ ni wọ́n fi ń rán iṣan náà, pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan tóbi. Bí àlàfo bá wà, wọ́n lè yọ iṣan kan láti ẹsẹ̀ wá dí i. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ ni yóò kú, ṣùgbọ́n aláìsàn yóò máa rìn. Lẹ́yìn náà, iṣan a máa hù ní nǹkan bí mìlímítà 1 lóòjọ́, èyí tí í ṣe íǹṣì 1 lóṣù. Bí ó bá jẹ́ òkè apá ni a ti gé e, ó lè ju ọdún kan kí ó tó dé ìka. Ẹran ara kò sì ní dúró dè é títí: bí oṣù 12 sí 18 bá kọjá tí iṣan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbẹ.

Ní gbogbo àkókò yẹn, kí aláìsàn máa fi ọwọ́ kejì na àwọn ìka náà bí dókítà bá ti fi hàn án, kí ó má sì fi wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, nítorí wọ́n lè jó kí ó má mọ̀.