Aṣọ Tí Dọ́kásì Fi Sílẹ̀

 

*Bíbélì kíkà:* Ìṣe Àwọn Àpósítélì 9:36-42, Òwe 12:10

Nígbà tí Dọ́kásì kú ní Jọ́pà, àwọn opó ò ka oyè kankan fún Pétérù. Aṣọ ni wọ́n kó jáde. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán hàn án. Bíbélì ò kọ ìwàásù kan ṣoṣo tí obìnrin yìí ṣe sílẹ̀ fún wa. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan wà tó túmọ̀ sí ọmọ-ẹ̀yìn tó jẹ́ obìnrin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, Dọ́kásì sì ni Lúùkù lò ó fún.

Ẹ wo orúkọ rẹ̀ náà. Tàbítà tàbí Dọ́kásì, ìtumọ̀ kan náà ni: ẹran ìgbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́ tó rẹwà, irú èyí tí àwa náà fi ń yin èèyàn pé ó dára bí egbin.

Mi ò lè ka ibẹ̀ kí n má rántí àǹtí mi, àbúrò màmá mi, tó ti sùn nínú Olúwa. Télọ̀ ni wọ́n, Lafiaji níbí ni wọ́n gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó mọ Fáńtì, eré tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún 19 kó wá. Ẹ mọ Boi, màlúù aláṣọ tó ń jó láàárín èrò. Àǹtí wà lára àwọn tó ń rán aṣọ eré yẹn. Wọn kì í da àjákù aṣọ nù. Wọ́n á kàn án pọ̀, wọ́n á fi tẹ́ ibùsùn fún àwọn ológbò wọn. Bí wọ́n bá se ẹja, ológbò ló ni orí ẹja. Ewúrẹ́ àdúgbò tó bá fi ẹsẹ̀ pa, àwọn ló máa bá a dì í.

Nítorí ológbò, ojú wọn rí nǹkan. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní obìnrin tó bá ń sin ológbò, àjẹ́ ni. A sin wọ́n tán, wọ́n ní ká lé àwọn ẹran náà dànù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó gbé abọ́ jáde, ó bu oúnjẹ sí i.

Ará, Òwe 12:10 fi ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ṣe àmì olódodo. Nínú Jónà 4:11, nígbà tí Ọlọ́run ń ṣàánú Nínéfè, Ó ka àwọn ẹran ọ̀sìn mọ́ èèyàn tó lé ní 120,000. Ta ló wá fún wa láṣẹ láti máa pe ohun tí Bíbélì pè ní òdodo ní àjẹ́?

Pétérù gbàdúrà, Dọ́kásì jí. Àwọn tiwa ò tíì jí, ọjọ́ àjíǹde là ń retí. Kí ọjọ́ náà tó dé, iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ wa. Aṣọ ẹbí ìsìnkú á ṣá. Ṣùgbọ́n ẹran tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ò mọ̀ pé ikú ti wọlé, oúnjẹ ló ń retí.

*Ohun tí a ó ṣe lónìí:* Ronú kan ẹnì kan nínú ìdílé yín tó ti lọ. Wá ohun kan tó fọwọ́ ṣe, fi han àwọn ọmọ, kó o sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, bèèrè pé: ta ló ń tọ́jú ohun tó ń tọ́jú?

*Àdúrà:* Baba, o ṣeun fún ọwọ́ tó rán aṣọ wa. Dárí jì wá níbi tá a ti fi ẹnu ba aláàánú jẹ́. Fún wa ní ọkàn tó ń ṣàánú gbogbo ohun tí O dá. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. 🙏