Ohun Tí A Rà àti Ohun Tí A Yá Lò
Ẹ̀kọ́ fún kíkà àti ìjíròrò nínú ìpàdé ẹgbẹ́

   

Ẹ̀kọ́ wa nínú ìtẹ̀jáde yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nìkan. Ó dá lórí ìwé, orin àti ètò kọ̀ǹpútà tí a ń sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin tí ó de wọ́n, àti ẹ̀tọ́ àwa tí a ń sanwó. Kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí ó ti wọ inú àpótí owó ẹgbẹ́ wa.

1. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ẹgbẹ́ kan wà lábẹ́ àbójútó mi tí àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ wọn sanwó fún ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọn yóò máa fi ṣe ìṣirò ẹgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n san owó náà, akápò sì gba rìsíìtì. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kọ léjà mọ́, wọn kò sì kọ owó sínú ìwé kékeré ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò ọdún kìíní, mo yìn wọ́n nínú ìròyìn mi.

Ní ọdún kejì, oṣù Kẹsàn-án ni mo dé ibẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ń padà sí ilé ìwé. Akọ̀wé tan kọ̀ǹpútà, ètò náà kò ṣí. Ohun tí ó kọ sójú rẹ̀ ni pé àkókò tí ẹgbẹ́ sanwó fún ti pé, kí wọn san òmíràn. A pe ilé iṣẹ́ tí ó tà á, ẹnikẹ́ni kò gbé fóònù. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Ó fẹ́ yá owó tí ọmọ rẹ̀ yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Owó ìyá náà wà ní báńkì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí ó ti fi pamọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí ẹgbẹ́ lè yá a. Ìyá náà wò mí lójú, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé owó mi ti sọnù ni?”

Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi ṣa rìsíìtì àti ìwé báńkì jọ kí a tó lè kọ ìṣirò náà ní ọ̀tun. Ọmọ náà wọlé, ṣùgbọ́n ó san owó ìtanràn nítorí pé ó pẹ́. Nígbà tí a wá ka ìwé àdéhùn tí akọ̀wé ti fọwọ́ sí, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ ra ohunkóhun. Àṣẹ láti lo ètò náà fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n tà. Èmi náà jẹ̀bi. Mo yẹ ìwé owó wò, n kò bèèrè ìwé àdéhùn.

2. ÌYÀTỌ̀ LÁÀÁRÍN RÍRÀ ÀTI YÍYÁ

Bí a bá ra ìwé kan lọ́jà, bébà àti yíǹkì rẹ̀ di tiwa. A lè kà á nígbà ogún, a lè yá aládùúgbò, a lè tà á, ọmọ wa sì lè jogún rẹ̀. Ohun tí kò di tiwa ni ẹ̀tọ́ láti tẹ irú rẹ̀ jáde kí a máa tà á. Ẹ̀tọ́ yẹn jẹ́ ti òǹkọ̀wé àti ẹni tí òǹkọ̀wé bá fún.

Òfin tí ó pín ẹ̀tọ́ báyìí ti pẹ́. Ní ọdún 1710, ní ìgbà Ọbabìnrin Anne, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún òǹkọ̀wé ní ọdún 14 láti jẹ èrè ìwé rẹ̀, ó sì lè gba ọdún 14 sí i bí ó bá ṣì wà láàyè. Ní Nàìjíríà, òfin tí a ń lò lónìí ni ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ó gba ipò òfin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1988. Ààbò rẹ̀ lórí ìwé kì í tán títí ọdún 70 yóò fi pé lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ní ìṣirò yìí, ìwé D. O. Fágúnwà, ẹni tí ó kú ní ọdún 1963, wà lábẹ́ ààbò títí di ìparí ọdún 2033.

Kò yẹ kí a bínú sí irú òfin báyìí. Ẹni tí ó ń da ìwé oníwé kọ láti tà ń jẹ làálàá ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò sì gbọdọ̀ bá olè pín. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fi àyè sílẹ̀ fún àwa náà. Ó gba ènìyàn láàyè láti lo iṣẹ́ oníṣẹ́ níwọ̀nba fún ẹ̀kọ́ ara rẹ̀, fún ìwádìí tí kì í ṣe ti owó, fún lámèyítọ́ àti fún ìròyìn. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Òǹkọ̀wé ní apá tirẹ̀, òǹrajà ní apá tirẹ̀.

3. ÀGÁDÁGODO TÍ A KÒ FOJÚ RÍ

Nígbà tí ìwé àti orin di ohun tí a ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ààlà yìí sún. Àwọn òǹtajà sọ pé dídà á kọ ti rọrùn jù, wọ́n sì fi àgádágodo kọ̀ǹpútà sí ohun tí wọ́n ń tà. Àdéhùn àgbáyé kan ní ọdún 1996 àti òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1998 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti já irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Òfin tiwa ti ọdún 2022 náà kà á léèwọ̀. Ọ̀ràn ibẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òǹtajà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó sanwó. Ẹ wo ohun tí èyí ti dá sílẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Amazon ní Amẹ́ríkà ń ta ìwé tí a ń kà lórí ẹ̀rọ Kindle. Ní oṣù Keje ọdún 2009, ó rí i pé ẹni tí ó kó ìwé George Orwell méjì wá fún títà kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Amazon pa àwọn ìwé náà rẹ́ lórí ẹ̀rọ àwọn tí ó ti sanwó, láti ọ̀nà jíjìn, láìtọrọ àyè. Ó dá owó wọn padà. Àkíyèsí tí ọmọ ilé ìwé kan ti ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tirẹ̀ di aláìwúlò. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, Amazon sì fi $150,000 parí ẹjọ́ náà. Jeff Bezos, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà nígbà náà, tọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ fi wé ti ọjà wa. Bí òǹtàwé bá ta ìwé tí kò tọ́ fún wa, ẹjọ́ òun àti olówó ìwé ni. Kò lè wọ yàrá wa lóru, kí ó gbé ìwé kúrò lórí tábìlì, kí ó fi owó sípò rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Microsoft kéde pé òun ń ti ìsọ̀ ìwé òun pa. Nígbà tí ó di oṣù Keje, àwọn ìwé tí ènìyàn ti sanwó fún kò ṣí mọ́. Microsoft dá owó padà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí ó bá kógbá wọlé nígbà tí kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dé oko. Tírákítọ̀ ìgbàlódé ní kọ̀ǹpútà nínú, ó sì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ títí aṣojú ilé iṣẹ́ yóò fi mú ètò tirẹ̀ wá tún un ṣe. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà pariwo lórí èyí. Ní ọdún 2015, wọ́n rí àṣẹ gbà lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ láti ṣí àgádágodo tírákítọ̀ wọn fún àtúnṣe. Ní ọdún 2023, ìpínlẹ̀ Colorado ṣe òfin pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún àgbẹ̀ ní irinṣẹ́ àti ìwé ìtọ́ni tí yóò fi tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ìpínlẹ̀ California náà ṣe òfin ní ọdún 2024 pé òǹtajà kò gbọdọ̀ kọ “rà” sára ohun tí ó jẹ́ àṣẹ ìlò lásán, àfi bí ó bá là á yé òǹrajà.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹni: bí kò bá fúnni lápá, a dẹ̀ni lẹ́sẹ̀. Yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a yá nǹkan, kí wọ́n jẹ́ kí a rò pé a rà á.

4. ÌJỌBA ÀTI ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ

Àwọn kan ní kí ìjọba má fọwọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Àwọn mìíràn ní kí ó di gbogbo rẹ̀ mú. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì nílé wa yóò là wá lọ́yẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Kò ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Àwọn tí ń polówó ọjà níbẹ̀ pàdánù ìsọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ pé ìgbésẹ̀ náà kò bófin mu. Èyí fi hàn pé àṣẹ ìjọba náà ní ààlà.

Ẹ wo ìkejì. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ FCCPC, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbèjà òǹrajà, bu ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta, ilé iṣẹ́ tí ó ni WhatsApp àti Facebook. Àjọ náà ní Meta ń kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ará Nàìjíríà lò láìgba àṣẹ wọn bí ó ti yẹ. Meta pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ìgbìmọ̀ ìdájọ́ fara mọ́ ohun tí àjọ náà ṣe. Òǹrajà kan ṣoṣo kò lè bá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jà. Ibi tí agbára ìjọba ti wúlò nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé pé òfin ń wo àwa náà. Òfin ọdún 2023 tí ó dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ẹni kọ̀ọ̀kan kan ẹgbẹ́ wa. Akọ̀wé tí ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè, nọ́ńbà fóònù wọn àti iye owó wọn sórí WhatsApp fún gbogbo ayé ń wá wàhálà.

5. OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

(1) Kí a tó sanwó, ẹ bèèrè: ríra ni àbí yíyá? Ọdún mélòó? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ọdún bá pé? Ẹ jẹ́ kí a ka ìwé àdéhùn sókè nínú ìpàdé, kí a sì túmọ̀ rẹ̀. Òfin ọdún 2018 tí ó gbé FCCPC kalẹ̀ ní ìwé tí òǹtajà bá fún òǹrajà gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí ó yéni.

(2) Ètò lè jẹ́ tiwọn, ìṣirò inú rẹ̀ jẹ́ tiwa. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn pé a lè kó ìṣirò wa jáde nígbàkígbà, ní ọ̀nà tí ètò mìíràn lè kà.

(3) Ẹ tẹ ìṣirò sórí bébà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dá ìwé kékeré ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúró láéláé.

(4) Páásíwọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí ó wà nínú àpótí ẹgbẹ́ pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù.

(5) Ẹ má ra ètò olè nítorí pé ó pọ̀ lówó pọ́ọ́kú. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí ẹ lè pè lẹ́jọ́. Àwọn ètò kan wà tí àwọn tí ó ṣe wọ́n yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, bíi LibreOffice, tí ó lè ṣe ìṣirò ẹgbẹ́ kékeré.

(6) Bí òǹtajà bá rẹ́ yín jẹ, ẹ kọ ìwé sí i, ẹ fi ẹ̀dà pamọ́, kí ẹ tó lọ sí FCCPC. Bí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá sì fẹ́ irú ètò kan náà, kí ẹgbẹ́ àgbà bá wọn dúnàá-dúrà. Ẹnu ẹni mẹ́wàá kì í rí bí ẹnu ẹnì kan.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, àwọn òṣìṣẹ́ 28 ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da owó jọ, wọ́n ṣí ìsọ̀ kan. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni ìyẹ̀fun tí a lù àti òṣùwọ̀n èké. Láti ibẹ̀ ni ìlànà ẹgbẹ́ wa ti wá. Òṣùwọ̀n èké ti ayé òde òní ni ọ̀rọ̀ náà, “rà”, nígbà tí a bá kọ ọ́ sára ohun tí a kò tà. Bí wọ́n ti ṣe ni kí a ṣe: kí a wò ó, kí a wọ̀n ọ́, kí a tó sanwó.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń lo kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìpàdé, ìyá yẹn a máa tẹ́ ìwé kékeré rẹ̀ síwájú akọ̀wé, kò sì ní dìde títí a ó fi kọ owó rẹ̀ sí i ní ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a wí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èwo nínú àwọn ohun èlò ẹgbẹ́ wa ni a rà, èwo ni a yá? Ta ni ó ti ka àdéhùn wọn?
2. Bí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ kò bá ṣí lọ́la, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà wá kí a tó mọ iye owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan?
3. Níbo ni ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé parí sí, níbo sì ni ti òǹrajà ti bẹ̀rẹ̀?