Àròkọ Aṣàlàyé: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Jí Irúgbìn

Ìbéèrè: Kọ àròkọ lórí ipa tí ìmọ́lẹ̀ ń kó nínú bí irúgbìn ṣe ń hù.

Àgbẹ̀ tó dá oko ẹ̀gẹ́ sí Ọ̀dẹ̀dá, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, mọ̀ pé bí òun bá ro oko lónìí, tí òjò sì rọ̀, kò ní pẹ́ tí imí-eṣú yóò fi tún bo ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé irúgbìn rẹ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti ń sùn nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ́ ló hú wọn síta, ìmọ́lẹ̀ ló sì jí wọn.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jí irúgbìn? Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Beltsville, ní Amẹ́ríkà, tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí irúgbìn lẹ́tíùsì tí omi ti rin nínú òkùnkùn, ó sì hù. Nígbà tí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ pupa mìíràn, èyí tí ojú wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú wọn kò hù mọ́. Èyí tó bá kẹ́yìn ni irúgbìn ń gbọ́ tirẹ̀.

Purotéènì kan tó ń jẹ́ fáítókíróòmù ni ojú tí irúgbìn fi ń rí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ pupa bá kàn án, yóò wọ ibi tí jíìnì wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Jíìnì ni àṣẹ àjogúnbá tí gbogbo ohun abẹ̀mí ń tẹ̀ lé. Níbẹ̀, fáítókíróòmù yóò mú kí purotéènì tó ń dá irúgbìn dúró parun. Jíìnì tó ń pèsè èròjà ìdàgbàsókè yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; èyí tó ń pèsè èròjà oorun yóò sì rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irúgbìn ló ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀wà ń hù nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀. Síbẹ̀, bí wọn kò bá rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn yóò ga tẹ́ẹ́rẹ́, ewé wọn yóò sì pọ́n rúsúrúsú, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń jí jíìnì tó ń sọ ewé di tútù.

Ní ìparí, ìmọ̀ yìí lè dín wàhálà àgbẹ̀ kù. Bí ó bá ro oko tán, kí ó fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ irúgbìn èpò. Kí ó bo àgbàdo dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó má sin irúgbìn wíńníwíńní bíi lẹ́tíùsì jinlẹ̀.

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́: Ìṣòro àgbẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà àbáyọ ni a fi parí. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan dá lórí kókó kan ṣoṣo.