Ìràwọ̀ Kì í Dúró Sójú Kan

Bí a bá wo ojú ọ̀run lálẹ́, yóò dà bí ẹni pé àwọn ìràwọ̀ dúró sójú kan. Rárá o, gbogbo wọn ló ń rìn. Oòrùn pàápàá, tí í ṣe ìràwọ̀, ń rìn.

Ní ọdún 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan tí kò ní èrò nínú lọ sí òfuurufú. Voyager 1 ni orúkọ rẹ̀. Ó ń rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní nǹkan bíi 40,000 ọdún sí i, yóò sún mọ́ ìràwọ̀ tí a ń pè ní Gliese 445 ju bí yóò ti sún mọ́ oòrùn wa lọ. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ náà kò dúró dè é. Òun náà ń bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa, eré rẹ̀ sì ju ti ọkọ̀ náà lọ. Ó dà bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ náà sì gun kẹ̀kẹ́ wá pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Ìbéèrè
1. Ọdún wo ni wọ́n rán Voyager 1 lọ?
2. Èwo ló yára jù, ọkọ̀ náà ni tàbí ìràwọ̀ náà?