Bí Kíláàsì Rẹ Bá Kún, Tí O Sì Fẹ́ Kí Wọ́n Máa Bèèrè

Arábìnrin mi, kò sí ọjọ́ tí iṣẹ́ tíṣà ń dùn mọ́ mi tó ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá fi ọwọ́ ara wọn wá ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ní Agége àti Ìkẹjà tiwa níbí, tí àwọn ọmọ ń fún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lójú fèrèsé, ó gba ọgbọ́n.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o mú, kí ó sì jẹ́ ti àdúgbò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti búrẹ́dì Agége: kí ló ń mú un wú? Wá ike omi mẹ́ta tó ti ṣófo. Bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú wọn. Fi yíìsì àti ṣúgà sínú ọ̀kan, yíìsì nìkan sínú èkejì, ṣúgà nìkan sínú ẹ̀kẹta, kí o wá fi bàlúùnù bo ẹnu wọn. Má ṣàlàyé o! Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Àṣírí mi rè é: po ó kí o tó pe orúkọ wọn. Yíìsì kì í yára, àsìkò wa kò sì pọ̀. Bí ó bá ti jẹ ṣúgà náà, tó ń tú gáàsì jáde, bàlúùnù ọ̀kan péré ni yóò dìde dáadáa, ariwo á sọ.

Tí wọ́n bá dákẹ́, má bá wọn wí. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti kìlọ̀ fún nílé pé kí wọ́n má bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Bi wọ́n pé "kí lo rí?" kí o tó bi wọ́n pé "kí ló fà á?" Kò sẹ́ni tí kò rí nǹkan.

Jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá rò ó. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èdè wa kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí rẹ̀ bàjẹ́. Ọmọ Hausa tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì já gaara, fi í ti ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì.

Pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, kí oníkálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń pariwo jù ni mo máa ń fún ní aago ṣọ́. Sọ fún tíṣà kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ṣáájú, kí ariwo má di ẹjọ́.

Mi ò gbà pé gbogbo ẹ̀kọ́ ló yẹ ká fi ìbéèrè kọ́ o. Ìdánwò ń bọ̀, sílábọ́ọ̀sì sì gùn. Ìsọdipúpọ̀, kọ́ wọn tààrà. Yan àkòrí kan tàbí méjì ní táàmù, kí o ṣe é dáadáa.

Bí ọmọ kan bá sì bèèrè ohun tí o kò mọ̀, kọ ọ́ sí igun pátákó. Bí ó bá jẹ́ ti búrẹ́dì, ní kí wọ́n yà sílé búrẹ́dì tó wà lọ́nà ilé wọn, kí wọ́n bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun pípò sinmi kó tó wọ ààrò, kí wọ́n mú ìdáhùn bọ̀ ní Mọ́ńdè.